Èéfín Nìwà: Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Dísẹ́ẹ̀lì Lójú Ọ̀nà

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú dánfó, ẹ fi etí kan gbọ́ mi, kí ẹ fi ìkejì gbọ́ kọ̀ńdọ́, kí wọ́n má baà gbé yín kọjá ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lórí fóònù, ohun tí mo sọ nínú ètò náà gan-an la kọ sílẹ̀ yìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbọ́ wa fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dáwó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ akẹ́rù tòkunbọ̀ kan. Wọ́n gba dírẹ́bà. Ọkọ̀ náà ń kó símẹ́ǹtì láti Ewékorò lọ sí Adó-Èkìtì. Owó tí wọ́n kó lé e, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ta ilẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Bọ̀dá mi, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnì. Kí ni kí n máa bi dírẹ́bà wa? Kí ni kí àwọn fúnra wọn máa wò tí wọ́n bá wà lórí ìrìn?"

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi nínú. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń fi owó sínú ọkọ̀ akẹ́rù báyìí tí wọn ò jókòó sínú rẹ̀ rí. Èmi náà, kí n tó máa sọ̀rọ̀ sínú makirofóònù, mọ́tò bọ́ì ni mí lójú ọ̀nà yẹn kan náà. Ọ̀gá tí mo tẹ̀ lé máa ń sọ pé ẹ́ńjìnì kì í ṣàdédé kú, ó máa ń sọ̀rọ̀ kó tó kú. Ó lè sọ ọ́ lórí géèjì, ó lè sọ ọ́ nínú èéfín, ó lè sọ ọ́ nínú òórùn tàbí nínú ìró. Ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí ni bí a ṣe ń gbọ́ ọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì

Ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná sí epo. Ti dísẹ́ẹ̀lì kò ní. Bí ẹ bá ti fi pọ́ńpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí, tí ẹ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ pọ́ńpù náà, ẹ ó rí i pé ó gbóná. Atẹ́gùn tí a bá fún mọ́lẹ̀ máa ń gbóná. Ohun tí ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ń ṣe nìyẹn. Písítìnì á fún atẹ́gùn mọ́lẹ̀ títí yóò fi kù bí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ooru rẹ̀ á sì kọjá 500 dígírì Celsius. Ìgbà náà ni nọ́sù á wá fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sí i, epo á sì gbiná fúnra rẹ̀. Rudolf Diesel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ọ̀nà yìí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa láti ọdún 1897.

Ẹ mú ohun kan dání níbẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì, atẹ́gùn máa ń wọlé fàlàlà. Epo tí dírẹ́bà ń fi ẹsẹ̀ bù sí i ló ń sọ bí agbára yóò ṣe pọ̀ tó. Bí epo bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni èéfín tó ń jáde ṣe ń gbóná sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá mọ ooru èéfín fi mọ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣe làálàá tó.

Géèjì mẹ́rin tí ojú gbọ́dọ̀ máa lọ sí

Èkíní ni ti ọ́ìlì. Ọ́ìlì ló ń jẹ́ kí irin máa yọ̀ lára irin. Bí ọkọ̀ bá dúró tó ń mí, ìwọ̀n rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀. Bó bá ń sáré, á gòkè. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá wà lórí ìrìn, tí ọwọ́ géèjì ọ́ìlì ṣubú, tàbí tí iná pupa rẹ̀ tàn, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé "ẹ jẹ́ ká dé abúlé tó kàn." Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ti tó láti sọ ẹ́ńjìnì di pàǹtí.

Èkejì ni ti omi. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, láàárín 80 sí 95 dígírì ló yẹ kó wà. Bó bá ń gòkè, ohun tí ẹ ó ṣe yàtọ̀ sí ti ọ́ìlì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná díẹ̀, ẹ bọ́ sí jíà tó kéré sí i, kí fáànù àti pọ́ńpù omi lè máa yí kíákíá nígbà tí epo tó ń jó ti dín kù. Bí kò bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ páàkì. Bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa mí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ooru fi rọlẹ̀. Bí omi bá ti ń dà, ẹ pa á. Ẹ má sì ṣí rédíétọ̀ tó gbóná o! Omi inú rẹ̀ á tú jáde bí ìbọn, ó sì ti bó ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ohun kan tún wà níbí tí ọ̀pọ̀ dírẹ́bà kò mọ̀. Bí omi bá tán pátápátá, géèjì lè sọ̀ kalẹ̀, kó máa fi hàn bíi pé ara ẹ́ńjìnì tù. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, inú omi ló yẹ kó wà. Bí omi bá ti lọ, atẹ́gùn ló ń wọ̀n, kò sì ní í sọ òtítọ́ mọ́. Nítorí náà, bí géèjì omi bá gòkè tó tún ṣàdédé já wálẹ̀, ẹ má dúpẹ́. Ẹ dúró, kí ẹ wò ó.

Ẹ̀kẹta ni ti tọ́bò. Tọ́bò ni èéfín gbígbóná ń yí, òun náà á wá máa ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnì. Ó lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí géèjì rẹ̀ kò bá gòkè bó ṣe máa ń gòkè tẹ́lẹ̀ lórí òkè kan náà, pẹ̀lú ẹrù kan náà, ó ṣeé ṣe kí họ́ọ̀sì kan ti ya, tàbí kí fílítà atẹ́gùn ti dí. Ẹ ó sì máa gbọ́ "fííì" bí ìgbà tí táyà ń jò.

Ẹ̀kẹrin ni ti ooru èéfín. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa kò ní in lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n a lè so ó mọ́ ọn. Wáyà irin kan ni wọ́n ń kì bọ inú páìpù èéfín. Ẹ rántí pé aluminium tí kò ní àdàlù máa ń yọ́ ní 660 dígírì, aluminium àdàlù ni wọ́n sì fi ṣe písítìnì ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì. Ọ́ìlì àti omi ló ń tù ú lára tí kò fi yọ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fi ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì fa ẹrù wúwo kì í fẹ́ kí ooru èéfín tó ń wọ tọ́bò pẹ́ lókè 700 dígírì. Bí ẹ bá fi wáyà náà sí ẹ̀yìn tọ́bò, ohun tí ẹ ó rí á fi ọgọ́rùn-ún dígírì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín, torí tọ́bò ti gba nínú ooru náà. Nítorí náà, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti so ó kí ẹ tó fi ọkàn balẹ̀ lórí nọ́ńbà.

Ẹ jẹ́ ká gun òkè Ìtawúrè

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gba Ìwáràjà lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè rí, ẹ mọ àwọn òkè yẹn. Ẹ jẹ́ ká fi dírẹ́bà sórí rẹ̀ pẹ̀lú símẹ́ǹtì lẹ́yìn. Ó wà nínú jíà ńlá, ó tẹ iná dé ilẹ̀, ọkọ̀ kò sáré sí i. Ẹ́ńjìnì ń yí díẹ̀díẹ̀, epo pọ̀ nínú rẹ̀, atẹ́gùn tí tọ́bò ń fún un kò tó. Ooru èéfín á bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè. Géèjì omi kò tíì mira! Omi pọ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó gbóná. Nígbà tí ti omi bá fi sọ̀rọ̀, ooru ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe lórí písítìnì.

Dírẹ́bà tó mọṣẹ́ á ti bọ́ sí jíà kékeré kó tó dé ìdí òkè. Ẹ́ńjìnì á máa yí dáadáa, tọ́bò á máa fẹ́ atẹ́gùn, á sì gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí iná. Ọkọ̀ á lọ jẹ́jẹ́, yóò sì dé òkè. Bó bá wá ń sọ̀, jíà kékeré kan náà ni kó fi sọ̀, kí ẹ́ńjìnì lè bá a di ọkọ̀ mú, kí bíréèkì má baà gbóná dé ibi tí kò ti ní í mú mọ́.

Bó bá sì débi tó fẹ́ sinmi, kó má pa ẹ́ńjìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kó jẹ́ kó mí fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Tọ́bò ṣì gbóná gan-an, ọ́ìlì ló sì ń tù ú. Bí ẹ bá pa á, ọ́ìlì tó dúró síbẹ̀ á jóná, á sì dì mọ́ ọn bí ìsàlẹ̀ ìkòkò ìrẹsì tó jóná. Bí tọ́bò ṣe ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ nìyẹn.

Èéfín àti àwọ̀ rẹ̀

Àwọn àgbà ní èéfín nìwà. Ẹni tó ní ìwà kan kò lè fi í pamọ́, bí ẹni tó dáná kò ṣe lè fi èéfín pamọ́. Ẹ́ńjìnì náà bẹ́ẹ̀ ni. Kí dírẹ́bà máa yọjú sí dígí ẹ̀gbẹ́, kó wo ohun tó ń jáde.

Bó bá dúdú, epo pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo fílítà atẹ́gùn, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku pọ̀. Bí ìyẹn bá mọ́, ẹ wo họ́ọ̀sì tọ́bò, lẹ́yìn náà nọ́sù tó lè máa kán epo dípò kó fọ́n ọn. Dúdú díẹ̀ nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ iná lórí ọkọ̀ àtijọ́ kò yani lẹ́nu. Dúdú tí kò lọ ni kí ẹ bẹ̀rù.

Bó bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń jó. Ó lè jẹ́ pé ríìnì písítìnì ti jẹ, ó sì lè jẹ́ tọ́bò ló ń da ọ́ìlì sínú. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ máa fa déẹ̀pù yọ wò ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti dúró.

Bó bá funfun, ọ̀rọ̀ di méjì. Láàárọ̀ kùtù, epo tí kò jóná tán lè mú funfun jáde, á máa ta yín lójú, yóò sì lọ tí ẹ́ńjìnì bá móoru. Bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná tán tí funfun ṣì ń jáde, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín láì rí ibi tó ń jò sí, omi ti ń wọ ibi tí epo ti ń jó. Gáskẹ́ẹ̀tì lè ti lọ. Ẹ yọ déẹ̀pù: bí ọ́ìlì bá dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ẹ má wa ọkọ̀ náà síwájú.

Ẹ̀rọ tó ń gba ìdọ̀tí lára èéfín

Bí tòkunbọ̀ yín bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 2007, ó ṣeé ṣe kí DPF wà lábẹ́ rẹ̀. Àsẹ́ ni DPF, ó ń sẹ́ ẹ̀gbin dúdú inú èéfín. Bí àsẹ́ náà bá fẹ́ kún, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á mú kí ooru inú rẹ̀ ga tó nǹkan bí 600 dígírì, kí ẹ̀gbin náà jóná di eérú. Iná kan á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Dírẹ́bà tí kò mọ̀ ọ́n á pa ọkọ̀ láàárín kan, tàbí kó lọ páàkì sórí koríko gbígbẹ. Ní ìgbà ọyẹ́, ìyẹn ti tó láti jó oko olóko.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Àpápá kò bá ẹ̀rọ yìí lára mu. Ọkọ̀ tó ń rìn díẹ̀ dúró díẹ̀ kò ní gbóná tó láti fọ àsẹ́ rẹ̀. Àsẹ́ á dí, èéfín kò ní rọ́nà jáde, agbára á dín kù, ooru á sì pọ̀ sí i.

Àwọn tó tẹ̀ lé e láti nǹkan bí ọdún 2010 ń lo DEF pẹ̀lú. Omi ni, yúríà jẹ́ ìdá 32.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Bó bá tán, kọ̀ǹpútà á dín agbára ọkọ̀ kù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni po ajílẹ̀ yúríà mọ́ omi kànga fún yín o. Ìdọ̀tí inú rẹ̀ á ba ẹ̀rọ olówó ńlá jẹ́.

Ẹ́ńjìnì tó kọ̀ tí kò kú

Ẹ má gbàgbé eléyìí. Bí tọ́bò bá bàjẹ́ tó ń da ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì lè máa fi ọ́ìlì ara rẹ̀ ṣe epo. Á máa pariwo, á máa yí kọjá agbára rẹ̀, èéfín á bo gbogbo àdúgbò. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kò kú, torí kì í ṣe epo inú táńkì ló ń jẹ mọ́. Atẹ́gùn ni kí a gé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wà lórí ìrìn lè fi jíà ńlá àti bíréèkì tẹ̀ ẹ́ pa, bí jíà rẹ̀ bá jẹ́ aláfọwọ́yí. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń fọ́, kí gbogbo ènìyàn jìnnà sí i. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ lásán dí ẹnu ibi tó ti ń fa atẹ́gùn.

Fóònù yín wúlò níbí

Fún páńẹ́ẹ̀lì akẹ́rù kékeré, ẹ̀rọ kékeré wà tí ẹ lè kì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ojú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ 16, á sì máa bá fóònù sọ̀rọ̀ lórí Bluetooth. Ẹ ó rí ooru omi, bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí, àti ohun tí tọ́bò ń ṣe. Tírélà ńlá ní tiẹ̀, ojú rẹ̀ rí roboto, ẹsẹ̀ 9 ló ní lórí àwọn ti Amẹ́ríkà, èdè tó ń sọ ni J1939. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ kékeré kò gbọ́ èdè yẹn, kí ẹ tó náwó. Àwọn Mack àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà, géèjì àti ojú dírẹ́bà nìkan ni tiwọn.

Dírẹ́bà kọ́ ló yẹ kó máa wo fóònù lórí ìrìn. Mọ́tò bọ́ì ni. Ohun tí mo máa dá lábàá ni pé ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ́ńjìnì ṣì ń mí, kí mọ́tò bọ́ì ya fọ́tò dáṣíbọ́ọ̀dù kan, kó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ ó mọ ibi tí géèjì máa ń wà. Ọjọ́ tó bá yàtọ̀, ẹ ó rí i.

Ẹ̀dọ̀fóró ẹni náà jẹ́ ẹ́ńjìnì

Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi èéfín ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì sí ìsọ̀rí àkọ́kọ́, ìyẹn àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Nítorí náà, bí òórùn èéfín bá ń wọ ibi tí dírẹ́bà jókòó sí, ẹ má sọ pé "ọkọ̀ ńlá ṣe máa ń rùn nìyẹn." Páìpù ti ya níbì kan. Bí orí bá ń fọ́ dírẹ́bà, tí oorun ń kùn ún láì tíì rìn jìnnà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ dúró, ẹ wá ibi tó ń jò. Àwọn tó sì ń sùn sínú ọkọ̀ tó ń mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Afẹ́fẹ́ búburú inú èéfín kò ní òórùn, ẹni tó bá pa kì í mọ̀.

Ìdáhùn mi fún àbúrò mi

Àbúrò, o bi mí pé kí ni kí o máa bi dírẹ́bà. Bí mo bá lè fún ọ ní ìbéèrè kan péré, èyí ni: "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí lónìí?" Má ṣe kọ́kọ́ bi wọ́n pé, "Ibo lẹ dé? Kí ló dé tí ẹ ò tíì dé?"

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé mo ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ dírẹ́bà tó rí i pé géèjì ti gòkè. Wọn kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ẹ̀rù ọ̀gá ló ń bà wọ́n. Bí wọ́n bá dúró, ọ̀gá á ní ọ̀lẹ ni wọ́n, á ní wọ́n fẹ́ ta dísẹ́ẹ̀lì, á gé owó ìrìn àjò wọn. Wọ́n á wá máa lọ, wọ́n á máa gbàdúrà, ẹ́ńjìnì á sì kú sínú igbó lóru, níbi tí ohun tó burú ju ẹ́ńjìnì lọ ti lè ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Nítorí náà, kí ẹ̀yin mẹ́ta jókòó pẹ̀lú dírẹ́bà yín, kí ẹ sọ ọ́ síta pé: bí géèjì bá sọ pé kí wọ́n dúró, kí wọ́n dúró, a ò ní gé owó yín. Kí ẹ sì mú un ṣẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pè yín. Wákàtí mẹ́ta tí símẹ́ǹtì fi pẹ́ kò tó ẹ́ńjìnì kan. Ẹ lè ra gbogbo géèjì ayé, bí ojú tó ń wò ó bá ń bẹ̀rù láti sọ ohun tó rí, owó yín ṣòfò.

Ibi tí a ó dúró sí nìyí lónìí o. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n, bàbá tàbí ọ̀rẹ́ tó ń wa ọkọ̀ ńlá, ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n bá páàkì. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ fi ohùn ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, táyà la ó sọ̀rọ̀ lé. Ọ̀nà á là, ọkọ̀ kò ní dànù. Ó dàbọ̀.